Vilém Mathesius

Vilém Mathesius (3 Oṣù Kẹjọ 1882 – 12 Oṣù Kẹrin 1945) jẹ́ onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ọmọ ilẹ̀ Tsẹ́kì. Òun ni olórí àwọn tó dá Ẹgbẹ́ Onímọ̀ Ẹ̀dá-Èdè Prague sílẹ̀. Púpọ̀ nínú ohun tí à ń kọ́ lónìí nípa iṣẹ́ tí ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn ń ṣe, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ti ṣàn wá.

Ìlú Pardubice ni a bí i sí, nígbà tí Bohemia ṣì wà lábẹ́ ìjọba Austria àti Hungary. Ó di ọ̀jọ̀gbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Yunifásítì àwọn Tsẹ́kì ní Prague ní 1912. Ní 1911, ó ti ka àpilẹ̀kọ kan níwájú àwọn ọ̀mọ̀wé Bohemia, ó ṣàlàyé níbẹ̀ pé èdè kì í dúró sójú kan, àní láàárín àwọn tó ń sọ ọ́ ní àkókò kan náà. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà ni ìwé Ferdinand de Saussure tó lókìkí jáde. Èdè Tsẹ́kì ni Mathesius fi kọ tirẹ̀, ìwọ̀nba ènìyàn ló sì kà á.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1920, àrùn ojú kọlù ú, díẹ̀ ló kù kí ó fọ́jú pátápátá. Láti ìgbà náà, àwọn ẹlòmíràn ló ń ka ìwé sí i létí. Síbẹ̀, inú ọ́fíìsì rẹ̀ ni ẹgbẹ́ náà ti kọ́kọ́ pàdé ní 6 Oṣù Kẹwàá 1926, tí Roman Jakobson àti Bohumil Trnka wà níbẹ̀. Òun ni ààrẹ rẹ̀ títí ó fi kú.

Gírámà àtijọ́ a máa wá olùwà àti ọ̀rọ̀-ìṣe nínú gbólóhùn. Mathesius ń wá ohun tí olùgbọ́ ti mọ̀. Ó rí apá méjì: ibi tí ọ̀rọ̀ ti gbéra, èyí tí í ṣe ohun tí a ti mọ̀, àti kókó tí a fẹ́ sọ nípa rẹ̀. Theme àti rheme ni orúkọ tí wọ́n fi gbajúmọ̀ lónìí. Bí ọkàn bá balẹ̀, ohun tí a mọ̀ ló ń ṣíwájú. Bí ọ̀rọ̀ bá gbóná lára ẹni, kókó lè gba iwájú. (Yorùbá kò dúró de ìgbóná ara: bí a bá béèrè ẹni tó ra ìwé, Adé ni ó rà á ni ìdáhùn, kókó sì ti wà níwájú.) Ó fi Tsẹ́kì wé Gẹ̀ẹ́sì. Tsẹ́kì lè ṣí ọ̀rọ̀ nípò láìba ìtumọ̀ jẹ́. Gẹ̀ẹ́sì kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fàlàlà, nítorí náà ó máa ń sọ ohun tí a mọ̀ di olùwà, kódà bí ó bá jẹ́ pé òun ni ìṣe náà ṣẹlẹ̀ sí. Àpilẹ̀kọ rẹ̀ ti 1929 àti ti 1939 ló ṣe pàtàkì jù lórí èyí. Henri Weil, ará Faransé, ti fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ náà ní 1844.

Ní Oṣù Kọkànlá 1939, ìjọba Násì ti àwọn yunifásítì Tsẹ́kì pa. Mathesius kú ní Prague nígbà tí ogun náà kò ju oṣù kan lọ kí ó parí ní Yúróòpù. Josef Vachek, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ṣe àtúntò ìwé rẹ̀ lórí Gẹ̀ẹ́sì òde òní, ó sì jáde ní 1961. Jan Firbas tẹ̀síwájú nínú iṣẹ́ náà ní Brno. M.A.K. Halliday gbà á wọ inú gírámà tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó ya ohun méjì tí Mathesius so pọ̀: ohun tó bẹ̀rẹ̀ awẹ́-gbólóhùn ní orúkọ tirẹ̀, ohun tí olùgbọ́ ti mọ̀ sì ní tirẹ̀.