Simeon Adébọ̀

Olóyè Simeon Adébọ̀ (5 Oṣù Kẹwàá 1913 – 30 Oṣù Kẹsàn-án 1994) jẹ́ agbẹjọ́rò, olórí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, àti aṣojú orílẹ̀-èdè náà ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé láti 1962 sí 1967. Abẹ́òkúta ni wọ́n bí i sí. Ó kàwé ní King's College, Èkó, ó sì ṣiṣẹ́ ní rélùwéè kí ó tó di òṣìṣẹ́ ìjọba.

Nígbà tí ogun abẹ́lé parí ní 1970, ọjà ti wọ́n, owó oṣù kò sì gbọ́ bùkátà mọ́. Ìjọba Yakubu Gowon fi Adébọ̀ ṣe alága ìgbìmọ̀ tí yóò ṣàtúnyẹ̀wò owó iṣẹ́. Ìgbìmọ̀ náà kò jẹ́ kí ọdún náà parí kí wọ́n tó dámọ̀ràn owó ìrànwọ́ nítorí ọ̀wọ́ngógó. Nígbà tí àwọn agbanisíṣẹ́ aládàáni kan kọ̀ láti san án ní 1971, àwọn òṣìṣẹ́ wọn daṣẹ́ sílẹ̀.

Àbọ̀ ìkẹyìn ìgbìmọ̀ náà jinlẹ̀ ju ọ̀rọ̀ owó lọ: ó ní kí ìjọba yẹ ètò iṣẹ́ ọba fúnra rẹ̀ wò. Ìmọ̀ràn yìí ló bí ìgbìmọ̀ Jerome Udoji ní 1972. Owó Udoji ni ará ìlú rántí jù, bẹ́ẹ̀ Adébọ̀ ló ṣílẹ̀kùn rẹ̀.