Olóògbé Àìná Ọnàbólú: Ẹni tí ó mú àwòrán yíyà wọ ilé-ẹ̀kọ́

Nígbà tí àwọn alàgbà ní kí àwa ìgbìmọ̀ ìwé ìrántí yìí kọ ìtàn ìgbésí ayé ènìyàn ńlá kan sínú rẹ̀, orúkọ olóṣèlú tàbí ti jagunjagun ni ọ̀pọ̀ ń retí. A kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n gbogbo wa ni a mọ ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀. Nínú owó tí a ń wá níbi ìfilọ́lẹ̀ òní, a ti pinnu láti kọ́ yàrá kan sí ilé-ẹ̀kọ́ ẹgbẹ́ wa, níbi tí àwọn ọmọ yóò ti máa kọ́ àwòrán yíyà, orin àti eré orí ìtàgé. Ìpàdé mẹ́ta ni a fi jiyàn lórí rẹ̀. Àwọn kan ní ohun èlò sáyẹ́ǹsì ni kí a kọ́kọ́ rà, wọ́n béèrè pé ta ni àwòrán ń bọ́? Baba kan tí a bọ̀wọ̀ fún gidigidi dìde, ó ní òun kò fi rélùwéè kó àwọn ọmọ òun wá sí Zaria kí wọ́n wá máa kun ọ̀dà sára bébà. A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn wa. Ìdí nìyí tí a fi yan Olóògbé Àìná Ọnàbólú.

Ìjẹ̀bú-Òde ni a ti bí i ní 1882. Ẹni tí ó bá gbọ́ orúkọ ìdílé rẹ̀ yóò ti fura. Bí a ti ń fi Ọdẹ mọ ọmọ ọlọ́dẹ, tí a sì ń fi Àyàn mọ ọmọ onílù, bẹ́ẹ̀ ni a ń fi Ọnà mọ ọmọ oníṣẹ́ ọnà. Ṣùgbọ́n igi kọ́ ni ọmọ yìí dojú kọ, bébà ni. Bí ó bá rí àwòrán nínú ìwé àwọn Òyìnbó, yóò jókòó tì í, yóò yà á, yóò pa á rẹ́, yóò tún un yà, títí tirẹ̀ yóò fi jọ ti inú ìwé. Kò sí olùkọ́ tí ó kọ́ ọ. Nígbà náà, kò tilẹ̀ sí ilé-ẹ̀kọ́ kan ní gbogbo agbègbè náà tí a ti lè kọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Láti Ìjẹ̀bú-Òde ó lọ sí Èkó, ó kàwé níbẹ̀, ó sì wọ iṣẹ́ akọ̀wé lábẹ́ ìjọba. Ní ojú ọ̀sán, ó ń kọ ìṣirò ìjọba. Bí ó bá ti ibi iṣẹ́ dé, ó di pẹ́ńsùlù àti ọ̀dà.

Ẹ jẹ́ kí a rántí bí ilé-ẹ̀kọ́ ti rí ní ayé ìgbà yẹn. Orin kíkọ wà níbẹ̀, nítorí pé ìjọ ń fẹ́ akọrin. Kíka ìwé Gẹ̀ẹ́sì sókè ketekete wà níbẹ̀, nítorí pé ọ́fíìsì ń fẹ́ akọ̀wé tí ahọ́n rẹ̀ yọ̀. Iṣẹ́ ọnà nìkan ni kò ní alágbàwí. Lójú ọ̀pọ̀ míṣọ́nnárì, ère gbígbẹ́ àti òrìṣà bíbọ kò yàtọ̀ sí ara wọn, nítorí náà wọn kò fẹ́ kí ọmọ onígbàgbọ́ fọwọ́ kan irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní ti ìjọba, akọ̀wé àti ògbufọ̀ ni ó ń wá. Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ó burú ju gbogbo ìyẹn lọ: ọ̀pọ̀ Òyìnbó gbà pé ènìyàn dúdú kò lè ya ojú ènìyàn kí ó jọ ojú ènìyàn, pé irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ kò sí lára wa.

Ọnàbólú kò fi ẹnu dá wọn lóhùn. Ní 1906, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, tí kò tíì fi ẹsẹ̀ tẹ ilé-ẹ̀kọ́ àwòrán kankan, ó ya àwòrán obìnrin ọ̀wọ̀ kan ní Èkó, Ìyáàfin Spencer Savage. Títí di òní, bí àwọn onímọ̀ bá ń ka àwòrán ìgbàlódé ilẹ̀ Nàìjíríà láti ìbẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn ènìyàn pàtàkì Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í wá jókòó níwájú rẹ̀ kí ó yà wọ́n: àwọn àlùfáà, àwọn lọ́yà, àwọn oníṣòwò, àti Dókítà Sapara tí gbogbo Èkó mọ̀ nítorí ogun tí ó gbé ti àrùn ṣọ̀pọ̀ná. Àwọn tí a kì í rí àwòrán wọn àfi nínú fọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í rí ara wọn nínú ọ̀dà, ọwọ́ ọmọ ilẹ̀ yìí ni ó sì yà wọ́n.

A mọ̀ pé ẹlòmíràn ì bá dúró síbẹ̀. Owó ń wọlé, orúkọ sì ti yọ. Ṣùgbọ́n ohun méjì ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ìkínní ni pé ohun tí òun mọ̀, ara òun ni òun fi wá a kiri, bẹ́ẹ̀ ni àwọn Òyìnbó ní ilé-ẹ̀kọ́ tí a ti ń kọ́ ọ létòlétò. Ìkejì ni pé bí òun bá kú, ta ni yóò máa ṣe é nìṣó? Ní 1920, ó pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní Èkó fún gbogbo ènìyàn láti wò, ó kọ ìwé kékeré kan lórí iṣẹ́ ọnà, ó sì wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni ọdún méjìdínlógójì ni nígbà náà. Ní ọjọ́ orí tí púpọ̀ nínú wa ti ń fẹ́ kí a máa pe wá ní alàgbà, ó lọ jókòó láàárín àwọn ọ̀dọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ àwòrán St. John's Wood, ó sì kẹ́kọ̀ọ́ ní Académie Julian ní ìlú Paris pẹ̀lú. Ní 1922 ó padà sílé pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí ayàwòrán àti ìwé ẹ̀rí olùkọ́.

Ìwé ẹ̀rí olùkọ́ yìí ni kí ẹ kíyè sí. Ẹni tí ó fẹ́ máa ya àwòrán àwọn olówó nìkan kò nílò rẹ̀. Bí ó ti dé, láti ilé-ẹ̀kọ́ kan dé èkejì ni ó ń lọ ní Èkó: King's College, C.M.S. Grammar School, Eko Boys' High School, àti Wesleyan Boys' High School tí a wá ń pè ní Methodist Boys' High School. Òun nìkan ni olùkọ́ àwòrán, òun nìkan ni ó sì ń rọ ìjọba pé kí wọ́n fi ẹ̀kọ́ náà sínú ètò ẹ̀kọ́ bí wọ́n ti fi ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì sí i.

Ohun tí ó ń kọ́ wọn ṣòro fún àwọn ọmọ náà ní ìbẹ̀rẹ̀. Ó ń kọ́ wọn bí eegun àti iṣan ti tò lábẹ́ awọ ara. Ó ń kọ́ wọn bí ìmọ́lẹ̀ ti ń bọ́ sí apá kan ojú tí òjìji sì ń bọ́ sí èkejì. Èyí tí ó tẹnu mọ́ jù lọ ni ọgbọ́n tí a fi ń ya jíjìnnà àti sísúnmọ́ sórí bébà pẹlẹbẹ. Àwa tí a bá rélùwéè wá sí ìhà àríwá yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ní í béèrè àlàyé. Ẹni tí ó bá dúró ní tésàn tí ó wo ojú irin lọ jìnnà, yóò rí i pé irin méjèèjì ń fún pọ̀ mọ́ ara wọn díẹ̀díẹ̀ títí wọn yóò fi dà bí ọ̀kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ ni a mọ̀ pé wọn kò pàdé. Ẹni tí ó bá yà wọ́n bí ó ti mọ̀ wọ́n kò ní yà wọ́n bí ojú ti rí wọn. Ọnàbólú tẹnu mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ fi sọ ọ́ ní Mr. Perspective. Bí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ bá sọ olùkọ́ ní orúkọ, ẹ̀kọ́ náà ti wọ̀ wọ́n létí nìyẹn.

Ẹnì kan kò lè tó ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ń pọ̀ sí i. Ó bẹ ìjọba pé kí wọ́n bá òun wá olùkọ́ àwòrán láti ìlú Òyìnbó. Wọ́n gbọ́ níkẹyìn. Ní 1927, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Kenneth Murray dé. Ibí yìí ni ìtàn náà ti dùn, ibẹ̀ náà sì ni ó ti korò.

Murray kò gba ohun tí Ọnàbólú ń kọ́ni gbọ́. Lójú tirẹ̀, àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí ní ọnà tiwọn, ère, aṣọ híhun, ìkòkò mímọ àti igi fífín, kò sì sí ìdí tí wọn yóò fi máa tọ Òyìnbó lẹ́yìn. Ó ní kí wọ́n ya ọjà wọn, oko wọn àti eégún wọn bí wọ́n ti rí i lọ́kàn. Márùn-ún nínú àwọn ọmọ tí ó kọ́ ni a pàtẹ iṣẹ́ wọn ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1937. Ben Enwonwu, tí ó wá gbẹ́ ère Ọbabìnrin Elizabeth lẹ́yìn náà, wà lára wọn. Ẹ ò rí i pé ẹni tí Ọnàbólú fúnra rẹ̀ bẹ̀ kí wọ́n rán wá ni ó kọ ẹ̀yìn sí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Àwọn kan lè sọ pé ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Àwa kò ní sọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀. Murray jà fún ohun àjogúnbá wa nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú àwa fúnra wa ń sun ún níná tàbí tí a ń tà á fún àwọn oníṣòwò, òun ni ó sì kọ́kọ́ darí ẹ̀ka ìjọba tí ń tọ́jú àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé.

Síbẹ̀, nínú àríyànjiyàn yìí, ọ̀dọ̀ Ọnàbólú ni ọkàn wa fà sí díẹ̀. Ẹni tí a ti sọ fún pé kò lè ṣe nǹkan kan nítorí àwọ̀ ara rẹ̀, tí ó wá ṣe é, a kò gbọ́dọ̀ yí padà sọ fún un pé kí ó padà sídìí ohun àwọn baba rẹ̀ nìkan, bí ó ti wù kí ohun náà lẹ́wà tó. Ìyìn lè di ọgbà tí a fi sé ènìyàn mọ́. Ọnàbólú fẹ́ kí ọmọ náà ní méjèèjì lọ́wọ́ kí ó tó yan èyí tí ó wù ú.

Ìlú wa yìí ni a ti wá so méjèèjì pọ̀. Ní 1955, wọ́n gbé ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìjọba, èyí tí ó di Yunifásítì Ahmadu Bello ní 1962, láti Ìbàdàn wá sí Zaria. Ní 1958, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan níbẹ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀: Uche Okeke, Demas Nwoko, Bruce Onobrakpeya, Yusuf Grillo ọmọ Èkó àti àwọn mìíràn. Ohun tí wọ́n sọ ni pé àwọn yóò mú ọgbọ́n Òyìnbó tí ó bá dára, àwọn yóò sì mú ti àwọn baba àwọn, àwọn yóò sì pò ó pọ̀ bí ó ti wu àwọn. Grillo wá darí ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà ní ilé-ẹ̀kọ́ Yaba Tech fún ohun tí ó lé ní ọdún 25. Ní ìgbà kan náà ni Jimoh Akolo wà ní Zaria. Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀ nílẹ̀ Yàgbà ni, ṣùgbọ́n ìhà àríwá níbí ni ó ti ka ilé-ẹ̀kọ́ girama, ní Keffi, níbi tí ó ti rí olùkọ́ tí ó ń kọ́ni ní àwòrán. Ká ní kò sí ẹ̀kọ́ náà ní Keffi, ìwé wo ni ìbá mú un dé Zaria? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa béèrè lọ́wọ́ baba tí kò fẹ́ kí ọmọ òun kun ọ̀dà sára bébà.

Nínú ìwé, ohun tí Ọnàbólú ń bẹ̀bẹ̀ fún ti tẹ̀ wá lọ́wọ́ tipẹ́. Ètò 6-3-3-4 tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1982 fi àwòrán àti orin sínú ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì kékeré. Ètò ọlọ́dún mẹ́sàn-án tí ó tẹ̀lé e kó àwòrán, orin àti eré orí ìtàgé pọ̀ sábẹ́ ẹ̀kọ́ kan. Ṣùgbọ́n a ti wọ kíláàsì wò. A ti rí ọmọ tí ó kọ ìtumọ̀ àwọ̀ pupa, àwọ̀ yẹ́lò àti àwọ̀ búlúù sínú nóòtì láti ojú pátákó, tí ó gba máàkì lórí rẹ̀, tí kò sì di búrọ́ọ̀ṣì mú rí láti ọjọ́ tí a ti bí i. A ti rí ọmọ tí ó lè ka orúkọ àwọn ìlù Yorùbá tán lórí, tí kò fọwọ́ kan gángan rí. Nítorí èyí ni a ṣe ní kí yàrá tí a fẹ́ kọ́ ní tábìlì gígùn, omi ẹ̀rọ, fèrèsé tí ó tóbi fún ìmọ́lẹ̀, àti pèpéle fún àwọn tí yóò dúró sọ̀rọ̀ tàbí ṣeré. Iye owó rẹ̀ wà ní ojú ewé ìsàlẹ̀. Ohun èlò sáyẹ́ǹsì náà wà níbẹ̀, a kò gbàgbé rẹ̀.

Ọnàbólú kú ní 1963, lẹ́ni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Ní ọdún yẹn gan-an ni Bruce Onobrakpeya, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí ó jáde ní Zaria, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ àwòrán ní St. Gregory's College ní Èkó. Ọdún 17 ni ó lò níbẹ̀.