Chamberlain, méyọ̀ tó fi owó yíyá tún ìlú Birmingham ṣe

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso ìlú Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde pé owó tó ń wọlé fún àwọn kò lè gbé ìnáwó àwọn mọ́. Owó tí wọ́n jẹ àwọn òṣìṣẹ́ obìnrin, tí wọn kò san owó oṣù wọn dọ́gba pẹ̀lú ti àwọn ọkùnrin, wà lára ohun tó kó bá wọn. Ètò kọ̀ǹpútà kan tó ná wọn lówó ju bí wọ́n ṣe rò lọ náà wà níbẹ̀. Kò pẹ́ tí ìjọba fi yan àwọn alámòójútó lé wọn lórí. Ẹni tó bá mọ ìtàn ìlú yìí yóò gbà pé kàyééfì ni ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé Birmingham yìí kan náà ni ọ̀pọ̀ ìlú ń wò láwòkọ́ṣe nígbà kan rí lórí bó ṣe yẹ kí ìlú máa ṣètò owó rẹ̀. Ẹni tó sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀ ni olóògbé Joseph Chamberlain.

Ọjọ́ kẹjọ oṣù keje ọdún 1836 ni wọ́n bí Chamberlain ní àdúgbò Camberwell, ní ìlú London. Oníṣòwò bàtà ni bàbá rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tó fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Nígbà tó di ọmọ ọdún méjìdínlógún ní 1854, wọ́n rán an lọ sí Birmingham kó lọ máa bójú tó owó tí bàbá rẹ̀ fi sínú ilé iṣẹ́ mọ̀lẹ́bí wọn kan, Nettlefold. Ilé iṣẹ́ yìí ló ń ṣe sikúrù tí àwọn káfíńtà fi ń so pákó pọ̀. Ọ̀rọ̀ ìṣirò owó ni wọ́n fi sí ìkáwọ́ Chamberlain, ó sì mọ iṣẹ́ náà dunjú. Ní 1874, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún méjìdínlógójì, ó ti ní owó tó pọ̀ tó láti fi òwò sílẹ̀ pátápátá.

Ìlú tó bá ní Birmingham kò dára rárá. Iṣẹ́ irin pọ̀ níbẹ̀, èéfín pọ̀, èrò sì ń wọ́ wá láti ìgbèríko. Àwọn tó wà nínú ìgbìmọ̀ ìlú nígbà náà gbà pé ẹni tí kò bá náwó rárá ni alákòóso rere. Owó orí ilé tí àwọn onílé àtàwọn oníṣòwò ń san kéékèèké ni ìlú gbára lé, ẹnikẹ́ni tó bá sì dábàá pé kí wọ́n fi kún un kò ní rí ìbò mú. Ìdajì àwọn ará ìlú ni kò ní omi mìíràn ju omi kànga lọ, ìdọ̀tí ṣáláńgá sì ti jò wọ inú ọ̀pọ̀ àwọn kànga náà. Ọjọ́ mẹ́ta péré lọ́sẹ̀ ni omi ẹ̀rọ ń yọ. Àrùn sì ń pa àwọn ènìyàn, pàápàá àwọn ọmọdé.

Chamberlain di kánsẹ́lọ̀ ní 1869. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1873, wọ́n fi í jẹ méyọ̀. Kò ju nǹkan bí ọdún méjì àbọ̀ lọ lórí oyè náà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ṣe láàárín àkókò yẹn ni orúkọ rẹ̀ fi gbilẹ̀.

Gáàsì ló kọ́kọ́ dojú kọ. Gáàsì ni wọ́n fi ń tan iná ojú pópó àti iná inú ilé láyé ìgbà náà, ilé iṣẹ́ aládàáni méjì tó ń bára wọn díje ló sì ń tà á ní Birmingham. Méyọ̀ dábàá pé kí ìlú ra àwọn méjèèjì. Iye tí wọ́n rà wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tó £2,000,000. Ẹ jẹ́ ká rántí pé ọdún 1875 là ń sọ. Ẹ̀rù ba ọ̀pọ̀ ènìyàn pé gbèsè yìí yóò ri ìlú.

Kì í ṣe ẹnu lásán ni Chamberlain fi dá wọn lóhùn, ìṣirò ló gbé kalẹ̀ níwájú wọn. Ó fi iye gáàsì tí wọ́n ń tà lọ́dọọdún hàn wọ́n, ó fi èlé tí ìlú yóò máa san lórí owó náà hàn wọ́n, ó sì fi èyí tí yóò ṣẹ́kù hàn wọ́n. Lójú tirẹ̀, ẹni tó yáwó jẹun ti jẹ gbèsè, ṣùgbọ́n ẹni tó yáwó ra ohun tí yóò máa pa owó wọlé ti dókòwò. Ìgbìmọ̀ ìlú gbọ́ àlàyé yìí, wọ́n fọwọ́ sí i. Wọ́n pe àwọn tó ń san owó orí ilé sí ìpàdé, wọ́n jiyàn lórí rẹ̀ ní gbangba. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n gbé e lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní London fún òfin tó fàyè gbà á. Ní ọdún àkọ́kọ́, èrè £34,000 ló wọlé fún ìlú. Nígbà tó yá, owó tí ará ìlú ń san lórí gáàsì tún wálẹ̀.

Lẹ́yìn gáàsì ló kan omi. £1,350,000 ni ìlú fi gba ilé iṣẹ́ omi lọ́wọ́ àwọn aládàáni tó ni ín. Àmọ́ ọ̀nà tí Chamberlain gbà ṣe èyí yàtọ̀ sí ti gáàsì. Ó ní ti omi, kò yẹ kí ìlú máa wá èrè lórí rẹ̀. Bí owó bá ṣẹ́kù ní ẹ̀ka omi, kí wọ́n fi dín owó omi kù tàbí kí wọ́n fi mú omi náà dára sí i. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣòro fún ọmọ Yorùbá láti lóye, àwa tá a mọ̀ pé omi kò lọ́tàá. Ẹ̀ka kan wà tó yẹ kó pawó, ẹ̀ka mìíràn sì wà tó jẹ́ pé ẹ̀mí ènìyàn ló yẹ kó dáàbò bò. Ìgbìmọ̀ ọ̀tọ̀ ló ń bójú tó gáàsì, ọ̀tọ̀ ló ń bójú tó omi, ìwé owó wọn kò sì pa pọ̀.

Nínú gbogbo làálàá yìí, ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ẹ́. Ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́, Harriet, ti kú nígbà ìbímọ ní 1863. Èkejì, Florence, tún kú bẹ́ẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 1875, nígbà tí ọ̀rọ̀ gáàsì àti omi ń lọ lọ́wọ́. Iṣẹ́ ìlú ló fi gbàgbé ìbànújẹ́.

Iṣẹ́ àkànṣe kẹta ló mú ẹnu kùn ún jù. Òfin kan jáde ní 1875 tó fún àwọn ìlú láṣẹ láti wó àdúgbò jágbajàgba tó lè fa àrùn. Birmingham ra ilẹ̀ tó lé ní ogójì éékà láàárín ìlú, wọ́n sì la òpópónà ńlá kan já níbẹ̀ láti 1878. Corporation Street ni orúkọ rẹ̀ títí di òní. Chamberlain fi £10,000 sílẹ̀ látinú àpò ara rẹ̀ fún iṣẹ́ náà. Dípò kí ìlú ta ilẹ̀ náà, ńṣe ni wọ́n fi háyà fún àwọn oníṣòwò fún ọdún 75. Bí ọdún náà bá pé, ilẹ̀ àti ilé orí rẹ̀ yóò padà di ti ìlú. Èyí túmọ̀ sí pé àwọn tó wà láyé nígbà náà ló san owó, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ọmọ wọn ló máa jèrè rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí a bá ń sọ rere ẹni, ká má gbàgbé àléébù. Àwọn tálákà tí wọ́n wó ilé mọ́ lórí kò rí ilé tuntun gbà. Ilé díẹ̀ péré ni wọ́n kọ́ fún irú wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kó lọ sí àdúgbò tó wà nítòsí, wọ́n há mọ́ra níbẹ̀. Owó wà nínú ètò ìṣúná fún òpópónà, fún ṣọ́ọ̀bù àti fún ilé ẹjọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní ibi tí yóò sùn kò sí nínú ìwé náà.

Ní 1876, Chamberlain di aṣòfin ní London, ó sì fi ipò méyọ̀ sílẹ̀. Èrè gáàsì kò dáwọ́ dúró lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí òfin kò jẹ́ kí ìlú ná owó orí ilé tó pọ̀ lórí ilé àwòrán, ẹ̀ka gáàsì kọ́ ilé iṣẹ́ tuntun, wọ́n sì fi ilé àwòrán sókè rẹ̀. Wọ́n ṣí i ní 1885. Ní ti omi, nítorí pé ìlú ló ni ín, ó ṣeé ṣe fún wọn láti fa omi mímọ́ láti àwọn òkè ilẹ̀ Wales, ìrìn máìlì 73, tí ọba Edward Keje sì ṣí i ní 1904.

Ibi tí ìtàn Chamberlain ti kan àwa gan-an ni ọdún 1895, nígbà tó di mínísítà tó ń bójú tó àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ó wo àwọn ilẹ̀ wọ̀nyí bí dúkìá tó yẹ kí wọ́n yáwó tún ṣe kó lè pawó. Lábẹ́ rẹ̀ ni iṣẹ́ ojú irin bẹ̀rẹ̀ láti Èkó ní 1896, tó gba Abẹ́òkúta kọjá, tó sì di lílò dé Ìbàdàn ní 1901. Owó yíyá ni wọ́n fi ṣe é, orí ìjọba Èkó ni gbèsè náà sì wà. Ohun tí kò bá a kọjá láti Birmingham wá sọ́dọ̀ wa ni ìpàdé gbangba. Ní Birmingham, ẹni tó máa san gbèsè ló gbọ́ àlàyé, ló sì jiyàn. Ní ilẹ̀ Yorùbá, kò sẹ́ni tó bi àwọn àgbẹ̀ àtàwọn oníṣòwò léèrè, bẹ́ẹ̀ látara owó ibodè tí wọ́n ń gbà lórí ọjà wọn ni ìjọba náà ti ń rí owó. Orúkọ rẹ̀ tún so mọ́ ogun tí wọ́n bá àwọn Boer jà ní Gúúsù Áfíríkà láti 1899 sí 1902, èyí tó pa ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Ní oṣù keje ọdún 1906, àrùn rọpárọsẹ̀ dá Chamberlain dùbúlẹ̀. Ọjọ́ kejì oṣù keje ọdún 1914 ló jáde láyé ní London, Birmingham ni wọ́n sì sin ín sí. Neville, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, wá di olórí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1937 sí 1940.

Ìjọba gba gáàsì kúrò lọ́wọ́ ìlú ní 1949, wọ́n gba omi ní 1974. Nítorí náà, nígbà tí owó dá Birmingham lágara ní 2023, àwọn ohun ìní ńlá méjì tí Chamberlain rà fún wọn kò sí lọ́wọ́ wọn mọ́.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí àwọn alákòóso bá ní àwọn fẹ́ yáwó láti fi ṣe ọ̀nà, omi tàbí ọjà nílùú yín, ẹ bi wọ́n ní ohun tí àwọn ará Birmingham bi Chamberlain: èlò ni, ta ni yóò san án, ọdún mélòó ni a ó fi san án, ṣé ohun tí a fẹ́ rà yóò sì wà láyé títí gbèsè rẹ̀ yóò fi tán? Ẹ wá fi èyí tí wọn kò bi í kún un: àwọn tó ń gbé lórí ilẹ̀ náà lónìí, níbo ni wọn yóò sùn?