James Jamerson, Ẹni tó Di Ìsàlẹ̀ Orin Mú

Ẹ̀yin ará, ní ẹsẹ̀ Òkè Patti níbí, kò sí ìgbà tí a kóra jọ kọ́ orin tí àwọn onígìtá béèsì wa kì í jiyàn lórí okùn tó dára jù. Ẹ gbọ́ ìtàn James Jamerson.

Ìpínlẹ̀ South Carolina ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bí i ní 1936. Ní 1954 ó dé Detroit, ó kọ́ béèsì onígi ńlá, ó sì ń ta á nínú orin jáàsì. Nígbà tó bọ́ sórí gìtá oníná, okùn flatwound ló lò, èyí tí wáyà pẹlẹbẹ wé lára. Ìró rẹ̀ jinlẹ̀, ó fara jọ ti béèsì onígi, kì í sì í han bí ìka bá ń rìn lórí rẹ̀. Kì í pààrọ̀ rẹ̀ àyàfi bó bá já.

Òun ló ta béèsì sínú ọ̀pọ̀ orin Motown tó gbayé kan, ṣùgbọ́n títí di 1971, orúkọ rẹ̀ kì í sí lára àwo wọn. Ọtí mímu bà á láyé jẹ́. Ó kú ní 1983, lẹ́ni ọdún 47. Ní 2000 ni Rock and Roll Hall of Fame tó dá a lọ́lá.

Okùn flatwound yẹ orin ìyìn àti jáàsì. Ṣùgbọ́n bí a ti ń tọ́jú okùn, ẹ jẹ́ ká tọ́jú ẹni tó ń ta á. Bí ẹnikẹ́ni ò tilẹ̀ dárúkọ onígìtá wa, ẹ jẹ́ kí àwa dárúkọ rẹ̀ nínú àdúrà.