H. G. Wells: Ọkùnrin Tó Gbé Ogun Wá Sórí Ilẹ̀ Yàrá

 Ní sáà yìí, ẹgbẹ́ oníròyìn ní kí kálukú mú ẹnì kan tó lókìkí, tó ti kú tipẹ́, kó sì kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀. Àwọn kan mú ọba, àwọn kan mú olóṣèlú. Èmi mú H. G. Wells, òǹkọ̀wé ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tó fẹ́ràn fíìmù nípa àwọn ẹ̀dá tó ti inú òfuurufú wá bá ayé jà ti pàdé iṣẹ́ rẹ̀, bí wọn ò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló jẹ́ kí n mú un. Ìwé kékeré kan tó kọ nípa eré ló jẹ́ kí n mú un.

Wọ́n bí Herbert George Wells ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1866 ní Bromley, ní agbègbè Kent. Bàbá rẹ̀, Joseph, ní ṣọ́ọ̀bù kan tó ti ń ta àwo tánganran àti ohun èlò kíríkẹ́ẹ̀tì, àmọ́ ọjà kì í fi bẹ́ẹ̀ tà. Owó tó ń rí nídìí gbígbá kíríkẹ́ẹ̀tì ló fi ń tì í lẹ́yìn. Ìyá rẹ̀, Sarah, ti ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ nílé àwọn olówó kó tó lọ́kọ. Ẹ rí i pé kì í ṣe ọmọ ọlọ́rọ̀ rárá.

Nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 7, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Orí ibùsùn ló wà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bàbá rẹ̀ sì ń yá ìwé wá fún un. Ibẹ̀ ni ìwé kíkà ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ní 1877, ó kan bàbá: itan rẹ̀ kán, kíríkẹ́ẹ̀tì parí, owó sì wọ́n nínú ilé. Ìyá padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ilé ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Uppark, ní Sussex, wọ́n sì fi àwọn ọmọ síbi tí wọ́n á ti kọ́ṣẹ́.

Ṣọ́ọ̀bù aláṣọ ni wọ́n fi Wells sí ní Southsea, láti 1881 sí 1883. Bíi wákàtí 13 ló fi ń dúró lójúmọ́, ó ń ká aṣọ, ó ń gbá ilẹ̀, òun àti àwọn ọmọṣẹ́ yòókù sì jọ ń sun yàrá kan náà. Ó kórìíra ẹ̀ gan-an. Lọ́jọ́ kan ó fẹsẹ̀ rìn láti Southsea lọ bá ìyá rẹ̀ ní Uppark, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́ yọ òun kúrò níbẹ̀. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tó kúrò. Ọmọ ọdún 16 lèmi náà, torí náà nígbà tí mo ka ibí yìí, mo dúró, mo rò ó dáadáa. Ká ní ìyá yẹn kọ̀ jálẹ̀ ńkọ́?

Ó lọ sí ilé ìwé Midhurst Grammar School, ó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké, òun náà sì ń kàwé tiẹ̀. Ní 1884 ó rí sikọ́láṣíìpù lọ sí Normal School of Science ní London. Thomas Henry Huxley, gbajúmọ̀ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, ló kọ́ ọ ní báyọ́lọ́jì níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ìdánwò ń dẹ́rù bà, ẹ gbọ́ ná: Wells fìdí rẹmi nínú jíọ́lọ́jì ní 1887, ó sì kúrò láìgba oyè. Ọdún 1890 ló tó padà gba BSc ní Yunifásítì London. Ó ṣiṣẹ́ olùkọ́, àìsàn ń yọ ọ́ lẹ́nu, ó wá jókòó ti kíkọ̀wé.

Ní 1895 ó gbé ìwé kan jáde nípa ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn lọ sí ọjọ́ iwájú. Ní 1897, ó kọ ti ọkùnrin tí ojú ò lè rí. Ní 1898, The War of the Worlds jáde: àwọn ẹ̀dá láti Mars balẹ̀ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ń jó ìlú níná, ìbọn àwọn ọmọ ogun ò sì fi bẹ́ẹ̀ ràn wọ́n. Kòkòrò àrùn tí ojú ò lè rí ló pa wọ́n níkẹyìn. Ohun tó mú mi níbẹ̀ ni pé láti orí àkọ́kọ́ ni Wells ti rán àwọn òyìnbó létí ohun tí àwọn fúnra wọn ṣe fún àwọn onílẹ̀ Tasmania. Ó fẹ́ kí ẹni tó máa ń gba ilẹ̀ onílẹ̀ mọ bó ṣe ń rí lára ẹni tí wọ́n gba tiẹ̀.

Ìwé wọ̀nyẹn sọ ọ́ di olókìkí, ó sì kọ́ ilé sí Sandgate, létí òkun. Ìyàwó rẹ̀ bí ọmọkùnrin méjì, George Philip ní 1901 àti Frank ní 1903. Ibi tí ọmọkùnrin bá wà, ẹ mọ̀ pé sójà oníṣeré ò ní jìnnà. Láti 1893 ni ilé-iṣẹ́ Britains ti ń ṣe sójà òjé tí inú rẹ̀ ṣófo. Nítorí pé òjé tó ń wọ inú rẹ̀ kéré, owó rẹ̀ náà wálẹ̀. Wọ́n tún ń ta àgbá kékeré kan tó ní sípíríǹgì nínú, tó lè ta igi róbótó tín-ín-rín jáde dé òdì kejì yàrá.

Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, àlejò kan nílé Wells gbé irú àgbá yìí, ó fojú sun sójà kan, ó sì yìn ín ṣubú. Ó ní kí àwọn tó kù wá gbìyànjú tiwọn. Bí eré ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Kì í ṣe Wells ló kọ́kọ́ fi ogun ṣeré o. Ní 1824, ọ̀gágun kan tó ń jẹ́ Reisswitz ti gbé òfin eré ogun jáde ní Prussia, tó wá di ara Jámánì. Àwọn ọ̀gá ológun ló wà fún. Wọ́n ń sún ègé kéékèèké lórí máàpù, wọ́n ń ju dáìsì, wọ́n ń yẹ àkọsílẹ̀ iye wò láti mọ iye ẹni tó kú, adájọ́ sì gbọ́dọ̀ jókòó tì wọ́n. Àwọn ológun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà gba eré yìí. Lójú Wells, bí wọ́n ṣe ń ṣe é ò dùn, kò sì jọ ogun gidi.

Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá ń dán òfin tiwọn wò. Èyí tó bá mú kí eré falẹ̀, wọ́n á yọ ọ́. Nígbà kan, wọ́n ń ju owó ẹyọ sókè láti mọ ẹni tó borí nígbà tí sójà bá pàdé sójà, wọ́n yọ ìyẹn náà. Ní 1913 ó kó gbogbo ẹ̀ sínú ìwé kan tó ń jẹ́ Little Wars.

Òfin náà rọrùn, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ní ṣókí. Ẹ to ilé àti òkè sórí ilẹ̀, ẹ fi aṣọ dí àárín kí ẹnì kan má bàa rí bí ẹnì kejì ṣe ń to ọmọ ogun rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ká aṣọ kúrò, eré bẹ̀rẹ̀. Sójà ẹlẹ́sẹ̀ ń rìn ẹsẹ̀ bàtà 1 lẹ́ẹ̀kan, ẹlẹ́ṣin ń rìn 2. Àgbá ò lè yìn àfi tí sójà 4 bá wà láàárín íǹṣì 6 sí i. Ẹni tí ọta bá bì ṣubú ti kú nìyẹn. Tí ẹgbẹ́ méjì tó dọ́gba bá kọ lu ara wọn, ẹnì kan fún ẹnì kan ni, wọ́n á jọ kú. Aago sì ń lọ: bí ìṣẹ́jú 1 fún sójà 30, ìṣẹ́jú 1 fún àgbá kọ̀ọ̀kan. Kò sí dáìsì, kò sí àkọsílẹ̀ iye.

Lórí èèpo ìwé náà, Wells ní ọmọkùnrin láti ọdún 12 dé 150 ló wà fún. Ó wá fi kún un pé ọmọbìnrin tí orí rẹ̀ pé, tó sì fẹ́ràn eré ọkùnrin, lè bá wọn dá sí i. Ẹ̀yin ọmọbìnrin ẹgbẹ́ mi, ẹ fi orí jì í, 1913 ni.

Èmi àti àwọn ọmọ kíláàsì wa mẹ́ta dán an wò lẹ́yìn aago ìparí. Ìdérí ìgò mínírà ni sójà wa, pupa fún ẹgbẹ́ kan, aláwọ̀ ewé fún ìkejì. Ìwé ẹ̀kọ́ di òkè, páálí ìṣáná di ilé, a sì ń fi ìka ta ègé ṣọ́ọ̀kì dípò àgbá. Ọmọ JSS 1 kan tó ń dúró de ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò wá fún ìgbà díẹ̀, kíá ló ti mọ̀ ọ́n. Mo borí, èmi ọmọbìnrin. Àmọ́ nínú sójà 20 tí mo kó wọlé, 4 péré ló kù sílẹ̀. Mo wo àwọn ìdérí tó dojú bolẹ̀ yẹn, ayọ̀ mi sì dín díẹ̀. Ká ní èèyàn ni wọ́n ńkọ́?

Ohun tí Wells ń wí gan-an nìyẹn. Ìparí ìwé rẹ̀ ni pé ẹni tó bá ta eré yìí bíi ẹ̀ẹ̀mẹta á rí i pé ogun gidi jẹ́ ìwà òmùgọ̀, ó tóbi jù, ó sì náni lówó jù. Ó ní kí àwọn tó ń pariwo ogun wá jà á lórí ilẹ̀ yàrá, kí aráyé sinmi.

Wọn ò gbọ́. Lọ́dún kejì, 1914, Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ́ sílẹ̀. Ó dé ọ̀dọ̀ tiwa náà, wọ́n kó àwọn ọmọ ogun láti Nàìjíríà lọ jà ní Kamẹrúùnù. Wells kọ̀wé pé ogun tó máa fòpin sí ogun nìyẹn, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1903 ó ti kọ ìtàn nípa ọkọ̀ irin tó ń yìnbọn lórí ilẹ̀. Ní 1916, táǹkì jáde sí ojú ogun Somme ní Faransé. Ní 1914 ó kọ ìwé tí bọ́ǹbù átọ́míìkì wà nínú rẹ̀. Ní 1945, wọ́n jù ú sí Hiroshima àti Nagasaki. Ojú rẹ̀ kàn án. Ó kú ní London ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹjọ 1946.

Ẹ máa rò pé kí ló kàn wá. Ó kàn wá o. Láti 1987 ni wọ́n ti ń ta eré sójà kéékèèké kan tó ń jẹ́ Warhammer 40,000, tí ogun rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn ìràwọ̀, bí ẹni pé inú ìwé Wells ló ti jáde. Nígbà tó fi di 2023, òfin rẹ̀ ti dé àtẹ̀jáde kẹwàá. Àwọn kan fẹ́ràn ẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò burú. Àmọ́ àwọn mìíràn ti ń gbé sójà kan náà, wọ́n ń fi òfin ojú ìwé díẹ̀ ta á, èyí tí ẹni tó kọ ọ́ fi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn kan á ní eré tí òfin rẹ̀ kéré kò ní ọgbọ́n nínú. Ṣé ayò ò ní ọgbọ́n nínú ni? Ẹni tó gbẹ́ ọpọ́n ayò fún wa ò ta òfin ayò mọ́ ọn. Ilé-iṣẹ́ tó ta sójà fún Wells náà kọ́ ló ta òfin fún un. Sójà tẹ́ ẹ bá ti rà, tàbí ìdérí tẹ́ ẹ bá ti ṣà, tiyín ni, òfin tó bá wù yín lẹ lè fi ta á.

Ìwé Wells pàápàá ti di ọ̀fẹ́. Lábẹ́ òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti tiwa náà, 70 ọdún lẹ́yìn tí òǹkọ̀wé bá kú ni ìwé rẹ̀ di ti gbogbo ayé, àádọ́rin ọdún ti Wells sì ti pé láti ìparí 2016. Orí fóònù ẹ̀gbọ́n mi ni mo ti kà á, ẹnikẹ́ni ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi.

Ọmọ ṣọ́ọ̀bù aláṣọ ló gba eré lọ́wọ́ àwọn ọ̀gágun, tó gé e kúrú, tó sì gbé e fún ọmọdé. Mo ti kọ òfin náà sórí ìwé kan, ó wà ní igun ọ̀tún nísàlẹ̀ pátákó yìí. Ẹ dà á kọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má já a lọ. Bí a bá ń jà, bí i ká kú kọ́.