Akítóyè (Ọba Èkó)

Ọba Akítóyè (ó wàjà ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1853) jẹ́ Ọba ìlú Èkó ní ẹ̀ẹ̀mejì: láti ọdún 1841 sí 1845, àti láti ìparí ọdún 1851 títí ó fi wàjà. Òun ni ó bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe àdéhùn láti fòpin sí òwò ẹrú ní Èkó.

Ọmọ Ológun Kútẹ̀rẹ̀ ni. Ó gorí ìtẹ́ lẹ́yìn Olúwọlé, ẹni tí ó kú nígbà tí àrá sán sí ẹ̀tù ìbọn láàfin. Ó pe Kòsọ́kọ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Ọ̀ṣìnlókùn, padà láti ìgbèkùn, ó sì fi í jẹ Olójà Ẹrẹ́kọ̀, bí Elétù Òdìbò tilẹ̀ kọ̀ jálẹ̀. Ní ọdún 1845, Kòsọ́kọ́ dìtẹ̀ mọ́ ọn. Akítóyè sá gba ojú ọ̀sà lọ sí Abẹ́òkúta, wọ́n sì pa Elétù Òdìbò.

Láti Abẹ́òkúta ni ó ti lọ fi Àgbádárìgì ṣe ibùdó. Àwọn míṣọ́nnárì, àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Ẹ̀gbá ni wọ́n ń lo èbúté náà. Madam Tinúbú náà wà lára àwọn tí ó tì í lẹ́yìn níbẹ̀. Láti ọdún 1808 ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti ń lé àwọn ọkọ̀ akẹ́rù lójú òkun, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn kò dé inú ọ̀sà. Ọkọ̀ ńlá kò rọrùn láti wọ ibẹ̀, ọkọ̀ ọlọ́pọ́n sì lè kó ẹrú gba ojú ọ̀sà láti Èkó lọ sí Pọtonóvò àti Wídà. Wọ́n nílò ọba tí yóò dí ọ̀nà náà láti inú ilé. Akítóyè ní tirẹ̀ ń wá ìtẹ́ rẹ̀. Òwò ẹrú kò dáwọ́ dúró ní ìgbà ìjọba rẹ̀ àkọ́kọ́, nítorí náà kò yẹ kí a ka ìlérí rẹ̀ sí àánú nìkan.

Nígbà tí ọ̀ràn náà gbóná ní ọdún 1851, John Beecroft, kọ́ńsọ́ọ̀lù Gẹ̀ẹ́sì, gbé e lọ sí Fernando Po. Ní oṣù Kẹfà ọdún náà, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Àgbádárìgì láàárín àwọn alátìlẹ́yìn rẹ̀ àti ti Kòsọ́kọ́. Ìkọlù àkọ́kọ́ tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ṣe sí Èkó, ní ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá, kùnà. Wọ́n padà wá lẹ́yìn Kérésìmesì, iná jó apá púpọ̀ nínú ìlú, Kòsọ́kọ́ sì sá lọ. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 1852, nínú ọkọ̀ ogun HMS Penelope, Akítóyè fọwọ́ sí àdéhùn pé òwò ẹrú ti dópin.

Àlàáfíà kò wá. Kòsọ́kọ́ tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́, láti ibẹ̀ ni ó sì ti gba ojú omi kọ lu Èkó ní oṣù Kẹjọ ọdún 1853. Oṣù tí ó tẹ̀lé e ni Akítóyè wàjà, kọ́ńsọ́ọ̀lù Benjamin Campbell sì fi ọwọ́ sí ìfijọba Dòsùnmú, ọmọ rẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1854, Campbell bá Kòsọ́kọ́ fúnra rẹ̀ ṣe àdéhùn ní Ẹ̀pẹ́: kò ní kọ lu Èkó mọ́, òun náà yóò sì kọ òwò ẹrú sílẹ̀.