Enrico Fermi

Enrico Fermi (29 Oṣù Kẹsàn-án 1901 – 28 Oṣù Kọkànlá 1954) jẹ́ onímọ̀ físíksì ọmọ Itálíà. Ìlú Róòmù ni wọ́n bí i sí. Ní ọdún 1934, ó ṣàwárí pé nẹ́útírọ́nù tí eré rẹ̀ ti dínkù máa ń tètè wọ inú kókó átọ̀mù. Ó gba Ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1938, ó sì kó ẹbí rẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà, nítorí òfin Mussolini tó dojú kọ àwọn Júù. Júù ni Laura, ìyàwó rẹ̀.

Ìṣirò ìrìn nẹ́útírọ́nù

Ìdọ́gba ìrìn nẹ́útírọ́nù ṣòro púpọ̀ láti yanjú pátápátá, nítorí ó ní láti ka ibi tí nẹ́útírọ́nù wà, ìhà tó kọjú sí àti bí eré rẹ̀ ṣe tó. Fermi lo ìṣirò ìfojúdá: ó kà wọ́n sí ohun tó ń tàn káàkiri bí òórùn nínú yàrá, tí eré rẹ̀ sì ń dínkù díẹ̀díẹ̀. Bí ìfojúdá náà bá ṣì, iṣẹ́ ríákítọ̀ lè kú tàbí kó kọjá ìkáwọ́. Ní 2 Oṣù Kejìlá 1942, lábẹ́ ìjókòó pápá ìṣeré Yunifásítì Chicago, ríákítọ̀ àkọ́kọ́ ṣiṣẹ́ bí ó ṣe ṣírò rẹ̀.

Ikú àti ogún rẹ̀

Jẹjẹrẹ inú ló pa á ní Chicago, ní ọmọ ọdún 53. Ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi ìṣirò alábàápàdé tọpa nẹ́útírọ́nù. Ọ̀nà yìí, tí wọ́n ń pè ní Monte Carlo, ni wọ́n fi ṣírò epo tuntun fún ríákítọ̀ NIRR-1 ní Zaria, tí wọ́n pààrọ̀ ní ọdún 2018.